Kí A Tó Gbẹ́ Ihò Àkọ́kọ́: Ọ̀rọ̀ lórí Wíwá Ohun Àlùmọ́ọ́nì lórí Ilẹ̀ Oko

Ọ̀rọ̀ tí ẹ pè mí láti sọ kì í ṣe ìwàásù. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ oko ni, ọ̀rọ̀ àwọn àlejò tí ń gbé òòlù àti àpò kiri inú oko ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù gbọ́ mi dé òpin, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ òdodo láàárín aládùúgbò àti aládùúgbò ni pẹ̀lú, èyí kò sì jìnnà sí iṣẹ́ tí a fi rán mi.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi mi ni èyí: "Àlùfáà, àwọn kan wá sí oko wa, wọ́n ń fọ́ òkúta wò, wọ́n ń bu yẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá. Ṣé kí a lé wọn ni, tàbí kí a gbà wọ́n?" Kí n tó dáhùn, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè mìíràn, ìyá opó kan nínú ìjọ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ní àwọn ọkùnrin kan ti wá wọn oko òun, wọ́n sì ti bá ẹnì kan nínú ẹbí ọkọ òun sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bá òun sọ ohunkóhun. Ó bèèrè ohun tí òun lè ṣe. Mo dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí ó lọ bá olórí ẹbí. Mo rò pé mo ti dáhùn bí ó ti yẹ. Nígbà tí òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin wọ̀nyí padà wá, wọ́n gbẹ́ yàrà mẹ́ta la àárín ebè iṣu rẹ̀ kọjá. Wọ́n kó amọ̀ pupa láti ìsàlẹ̀ wá bo ilẹ̀dú mọ́lẹ̀. Wọ́n mú òkúta díẹ̀ sínú àpò, wọ́n sì lọ. A kò rí wọn mọ́. Yàrà náà kún fún omi òjò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ-ọmọ ìyá náà yọ̀ sínú ọ̀kan nínú wọn. Bí kò bá ṣe pé ọdẹ kan ń kọjá lọ, òkú ni à bá gbé wálé. Títí mo fi kúrò ní agbègbè náà, ẹ̀kan ni ó ń hù níbi tí iṣu ti ń ta tẹ́lẹ̀. Ìyá náà kò bá mi jà. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: "Àlùfáà, ẹ ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni." Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò ní etí mi.

Kò sí ohun kan nínú ìjàǹbá yìí tí a kò lè dènà. Bí a bá ti gbẹ́ yàrà náà lẹ́yìn ìkórè, bí a bá ti ya ilẹ̀dú sọ́tọ̀, bí a bá ti dí i padà kí òjò tó dé, bí a bá sì ti bá ẹni tí ń ro oko náà sọ̀rọ̀, òun ìbá ti jẹ iṣu rẹ̀, àwọn tí ń wá òkúta ìbá sì ti rí èyí tí wọ́n wá. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ní òní ni pé ọjọ́ tí ó yẹ kí ará ìlú sọ̀rọ̀ ni ọjọ́ tí ó ṣáájú ihò àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ihò àkọ́kọ́, ẹjọ́ ni ó kù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo wá láti bú ìwakùsà. Àwọn baba wa wa ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ní ọdún 1904, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa iṣẹ́ irin yíyọ́ ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú Ọ̀yọ́, tí ó kọ orúkọ rẹ̀ ní Ola-Igbi. Ó ròyìn bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń wa òkúta irin, bí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, bí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ nínú odò, àti bí wọ́n ti ń yọ́ ọ nínú iléru. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni a fi rọ ọkọ́ àti àdá tí a fi dá oko ilẹ̀ yìí sílẹ̀. Irú irin bẹ́ẹ̀ náà ni idà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí nígbà ogun. Nínú Bíbélì, ìwé Jóòbù orí 28 sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn tí ń wá fàdákà, wúrà àti irin nínú ilẹ̀, kò sì pe iṣẹ́ wọn ní ẹ̀ṣẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé àwọn tí ń wa òkúta irin láyé àtijọ́ ń gbé ní ibi tí wọ́n ti ń wà á. Omi tí wọ́n bá bàjẹ́, àwọn ni yóò mu ún. Àlejò òde òní lè gbẹ́ ilẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ó sì sùn ní Èkó ní alẹ́.

Kí ni ó wá ń fa àwọn àlejò yìí wá sí ọ̀dọ̀ wa? Àpáta tí ó wà lábẹ́ Ìkòyí-Ilé, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Òkè-Ògùn jẹ́ àpáta àtijọ́ gidigidi. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ooru ńlá yọ́ àpáta nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní apá ayé yìí. Omi òkúta gbígbóná wọ inú ibi tí àpáta ti sán, ó sì dì síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irú òkúta bẹ́ẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pegmatite, máa ń yọ sójú ilẹ̀ bí ìlà funfun tí ó la oko kọjá, tí ohun pẹlẹbẹ tí ń dán bí dígí sì wà nínú rẹ̀. Nínú òkúta bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí òkúta iyebíye tí a ń pè ní tourmaline, èyí tí a ti ń wà ní Òkè-Ògùn láti ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú rẹ̀ náà ni a ti ń rí lítíọ́mù, tí a fi ń ṣe bátìrì fóònù àti ti ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná. Gbogbo ayé ń wá lítíọ́mù nísinsin yìí. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ àlejò fi ń pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ wa. Ìgbẹ́tì pẹ̀lú ní òkúta mábù. Kì í ṣe gbogbo òkúta funfun ni ó ní ohun iyebíye nínú. Èyí gan-an ni ó fi jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ wá kí a tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyàtọ̀ sáàárín wíwá àti wíwà. Àmì orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì nípa ní ẹnu wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì ń bèèrè bóyá ó wà níbẹ̀, àti pé báwo ni ó ti pọ̀ tó. Ẹni tí ń wà á ti mọ̀, ó sì ń kó o. Wíwá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù lọ, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ ń dé oko, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í kà sí. Ìpele márùn-ún ni wíwá ní, láti orí èyí tí kò pa koríko lára dé orí èyí tí ó lè ba ọdún kan jẹ́ fún àgbẹ̀.

Ìpele kìíní ni ti òkèèrè. Láàárín ọdún 2003 sí 2009, ìjọba àpapọ̀ mú kí ọkọ̀ òfuurufú fò la ojú ọ̀run Nàìjíríà kọjá, ní nǹkan bí 80 mítà sí ilẹ̀, tí ìlà ìfò kan sì fi 500 mítà jìnnà sí èkejì. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ náà ń wọn agbára òòfà inú àpáta tí ó wà nísàlẹ̀. Kò wó ebè kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ka àwòrán ilẹ̀ tí a fi iṣẹ́ yìí yà yóò mọ ibi tí kò yẹ kí ó dààmú ara rẹ̀ dé.

Ìpele kejì ni ti ẹsẹ̀ àti òòlù. Onímọ̀ nípa òkúta yóò rìn la oko kọjá, yóò fọ́ àpáta tí ó yọ sójú ilẹ̀ wò, yóò sì bu iyanrìn díẹ̀ nínú odò. Ọgbọ́n wà nínú iyanrìn odò. Òjò a máa wẹ ohun tí ó wà lórí òkè sọ̀kalẹ̀ sínú odò. Nítorí náà, ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn kan lè jẹ́rìí nípa gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wá síbẹ̀.

Ìpele kẹta ni ti ìbu-yẹ̀pẹ̀. A ń fi ọwọ́ yí irin kan wọ ilẹ̀, ihò rẹ̀ kì í sì ju ìbú ọwọ́ lọ. A óò bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sínú àpò, a óò kọ nọ́mbà sí i, a óò sì dí ihò náà lójú ẹsẹ̀. Lórí ilẹ̀ oko, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe jẹ́jẹ́ a máa pẹ́ ní ìpele yìí.

Ìpele kẹrin ni ti yàrà àti kòtò. Níhìn-ín ni ìpalára gidi ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Yàrà tí ó gùn ní 30 mítà, tí ó fẹ̀ ní mítà 1, gba àyè ebè iṣu bí 30, bí ebè kan bá fi mítà kan jìnnà sí èkejì. Bí ó bá jìn ní mítà 2, ilẹ̀ tí a kó jáde tó 60 mítà oníhà mẹ́ta. Bí a bá da á káàkiri ẹ̀gbẹ́ yàrà títí yóò fi ga dé orúnkún, yóò tún bo àyè bí 120 ebè. Yàrà kan ṣoṣo lè gba àyè 150 ebè lọ́wọ́ àgbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n bí a bá kó o jọ sójú kan, lórí tapólì tàbí lórí ilẹ̀ tí a kò gbìn, tí ilẹ̀dú sì wà lọ́tọ̀, tí amọ̀ pupa wà lọ́tọ̀, àyè yàrà nìkan ni àgbẹ̀ yóò pàdánù, àti fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí a bá ń dí i, amọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé, ilẹ̀dú yóò sì gbẹ̀yìn, bí Ọlọ́run ti tò wọ́n.

Ìpele karùn-ún ni ti ẹ̀rọ tí ń lu ilẹ̀, irú èyí tí a fi ń gbẹ́ kànga dẹ̀rọ̀. Ihò rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà tóbi. Ó nílò ọ̀nà, ó nílò omi, ó sì ń tú omi ẹlẹ́rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá bìkítà yóò gba ọ̀nà oko tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kò ní gé igi ẹ̀mí tàbí igi igbá láti la òmíràn, yóò gba omi ẹlẹ́rẹ̀ náà sínú kòtò tí a fi ọ̀rá tẹ́, yóò sì dí ẹnu ihò pa kí ọmọ tàbí ẹran má baà ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ṣe pàtàkì nípa ìpele márààrún. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wíwá kì í di kùsà láéláé. Ẹ wo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kí ọdún 1950 tó dé ni a ti ń rí wúrà nínú odò ibẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù Keje ọdún 2021 ni kùsà Sẹ̀gilọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ da wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá dúró lórí oko yín ní ọjọ́ ìbu-yẹ̀pẹ̀, tí ó ń ṣèlérí ilé ìwé, ọ̀nà ọlọ́dà àti iṣẹ́ fún gbogbo ọ̀dọ́, ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀ ni ó ń ṣèlérí. Ìlérí yẹn lè má ṣẹ. Ihò ni ó dájú. Ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa ihò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ fún mi pé, "Àlùfáà, ìjọba ni ó ni ohun tí ó wà nínú ilẹ̀. Kí ni a lè sọ?" Òtítọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Òfin Ohun Àlùmọ́ọ́nì àti Ìwakùsà ti ọdún 2007 sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tí ó wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó tún sọ ní apá 22 pé lílo ilẹ̀ fún ìwakùsà ni yóò ṣáájú lílo rẹ̀ fún ohun mìíràn. N kò ní fi èyí pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n òfin kan náà dè ẹni tí ń wá pẹ̀lú okùn púpọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ okùn náà kò lè fà á.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè irú ìwé tí ó mú lọ́wọ́. Ìwé ìyẹ̀wò, tí a ń fún ènìyàn fún ọdún kan, fún un ní àyè láti rìn, láti wò àti láti bu díẹ̀. Kò fún un ní àyè láti gbẹ́ ilẹ̀ tàbí láti lu ú. Bí ẹni tí ó mú irú ìwé yìí bá sọ ọkọ́ kalẹ̀ láti gbẹ́ yàrà, ó ti kọjá àyè rẹ̀. Ìwé àṣẹ ìṣàwárí tóbi jù ú lọ. Ọdún mẹ́ta ni, a sì lè tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mejì, ọdún méjì méjì. Ó lè gba ilẹ̀ tó 200 kìlómítà oníhà mẹ́rin, èyí tí ó ju 49,000 éékà lọ. Ìwé kan ṣoṣo lè tipa báyìí bo oko ọ̀pọ̀ abúlé mọ́lẹ̀ láìjẹ́ pé àgbẹ̀ kan ṣoṣo mọ̀. Ọ́fíìsì tí ń kọ àwọn ìwé wọ̀nyí sílẹ̀ wà ní Àbújá. Mining Cadastre Office ni a ń pè é. Ó ní àwòrán ilẹ̀ tí ó fi ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan dé hàn, a sì lè bèèrè níbẹ̀ bóyá òótọ́ ni ìwé tí a gbé síwájú wa.

Apá 61 òfin náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ̀wé kọ sílẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ìṣàwárí ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà tí kò ní pa àyíká àti àwọn ará ibẹ̀ lára. Kí ó tún ilẹ̀ ṣe padà sí ipò tí kò léwu. Kí ó dí gbogbo kòtò, ihò àti yàrà tí ó bá gbẹ́. Kí ó sì san owó gbà-má-bínú fún àwọn tí ń lo ilẹ̀ náà fún ohun tí ó bá bàjẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tí ń lo ilẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó ni ín. Ìyá opó tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú òfin yẹn, èmi ni n kò mọ̀.

Òfin náà tún yọ inú ìlú àti abúlé, ọjà, itẹ́ òkú àti ibi tí a kà sí mímọ́ kúrò nínú ilẹ̀ tí a lè wà. Nígbà tí wíwá bá sì di wíwà, apá 116 pàṣẹ pé kí awakùsà àti àwọn ará ibẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè ìlú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Inú ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ọ̀nà àti iṣẹ́ ọ̀dọ́ ti ní àyè tirẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú, nínú ìlànà ECOWAS ti ọdún 2009, sọ pé kí a gba ìyọ̀ǹda àwọn ará ibẹ̀ kí wíwá tó bẹ̀rẹ̀, àti kí a tún gbà á kí a tó bọ́ sí ìpele tí ó tẹ̀lé e. Ó ní kí ìyọ̀ǹda náà jẹ́ èyí tí a fi òmìnira fún, tí a fún ṣáájú, tí àwọn tí ó fún un sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Bí òfin ti rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè dí yàrà. Ènìyàn ni yóò dí i. Nítorí náà mo fẹ́ sọ bí ẹ óò ti mọ àlejò rere, àti bí àwa náà yóò ti jẹ́ onílé rere.

Àlejò rere a máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Yóò lọ sí ààfin Oníkòyí, yóò lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀, yóò sì tún dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ro oko náà gan-an. Yóò fi ìwé rẹ̀ hàn, yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Yóò bèèrè ìgbà tí a óò kórè, yóò sì fi yàrà rẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn. Yóò ka igi àti ebè pẹ̀lú olóko kí ó tó fọwọ́ kàn wọ́n, yóò ya àwòrán ibẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́. Yóò dí yàrà kan kí ó tó ṣí òmíràn. Yóò padà wá lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ láti wò bóyá ilẹ̀ tí ó dí ti rì. Nígbà tí ó bá sì rí èsì, ì báà ṣe pé kò rí ohunkóhun, yóò padà wá sọ fún wa. Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Ní ti àwa onílé, ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ dá lábàá.

Èkíní, kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ fún gbogbo wa ní ìkọ̀kọ̀. Kí a pe ìpàdé gbangba, kí àwọn obìnrin tí ń gbin ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, kí àwọn tí a yá nílẹ̀ wà níbẹ̀, kí Fúlàní darandaran tí ẹran rẹ̀ ń mu nínú odò kan náà wà níbẹ̀. Ẹni tí a kò pè sí ìpàdé ni yóò kọ́kọ́ já sínú ihò.

Èkejì, kí a kọ gbogbo ohun tí a bá sọ sílẹ̀: ìpele iṣẹ́, iye ihò, ọjọ́ ìdíhò, iye owó tí a óò san lórí igi àti lórí ebè, àti orúkọ ẹni tí a óò pè bí nǹkan bá bàjẹ́. Kí ẹ̀dà kan wà ní ààfin, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹbí, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ń ro oko.

Ẹ̀kẹta, kí àwa náà jẹ́ olóòótọ́. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tí ó gbọ́ pé a óò san owó lórí igi kaṣú, tí wọ́n sì gbin ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan. Olè ni ẹni tí ó ba oko jẹ́ láìsan owó. Olè sì ni ẹni tí ó gba owó oko tí kò dá. Ẹ̀bùn tí a bá sì gbà ní òru kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ yóò pa wá lẹ́nu mọ́ nígbà tí ìpàdé bá dé.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe di awakùsà òru fúnra wa, kí a má sì fi àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ará abúlé ń lọ òkúta wúrà láàárín agbo ilé wọn. Òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bà sórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń ṣeré lé lórí. Àwọn ọmọ tí ó kú lé ní 400. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kíní ọdún 2024, ìbúgbàmù ńlá wó ilé púpọ̀ ní Bódìjà ní Ìbàdàn. Gómìnà ìpínlẹ̀ wa sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni ó kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé. Ẹ wo Jos pẹ̀lú, níbi tí a ti wa tánganran láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá: adágún omi ṣì wà káàkiri nínú kòtò tí a kò dí. Àwọn tí ó jẹ èrè rẹ̀ ti lọ. Kòtò kò bá wọn lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan yóò sọ pé bí a bá ń béèrè ohun púpọ̀ báyìí, àlejò yóò sá lọ, iṣẹ́ yóò sì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fojú tín-ín-rín, nítorí mo mọ iye ọ̀dọ́ tí ó jókòó láìníṣẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Ìdáhùn mi ni pé ohun tí mo là sílẹ̀ kò ju ohun tí òfin ti béèrè lọ, kò sì wọ́nwó. Yíya ilẹ̀dú sọ́tọ̀ kò ná ju ìwọ̀n wákàtí díẹ̀ lọ. Dídúró de ìkórè kò ná ju oṣù díẹ̀ lọ. Bí ẹnìkan bá sá nítorí pé a ní kí ó dí ihò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ; kò sí iṣẹ́ rere lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá sì gbà, òun ni ẹ lè bá ṣiṣẹ́, kí ọ̀dọ́ yín bá a gbé irin, kí wọ́n bá a kọ nọ́mbà sára àpò, kí wọ́n sì kọ́ ìmọ̀ òkúta lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, gbogbo wa mọ ìtàn Áhábù àti ọgbà àjàrà Nábótì. Ọba fẹ́ ilẹ̀, olóko kọ̀, a sì fi ìwé tí a fi èdìdì ọba dì gba ilẹ̀ náà. Ohun tí mo fẹ́ kí a rántí nínú rẹ̀ ní òní ni àwọn àgbà ìlú Nábótì. Wọ́n ka ìwé náà, wọ́n mọ ohun tí ó tọ́, wọ́n sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí ìwé náà dé, bóyá Nábótì ìbá ti kú ikú ọjọ́ ogbó rẹ̀ lábẹ́ àjàrà rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Èmi wà lára irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ìyá kan bi mí ní ìbéèrè ní ọjọ́ tí ó tọ́, èmi sì rán an lọ síbòmíràn. N kò lè padà lọ dí yàrà náà mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan nínú ìjọ yín bá wá bá yín ní ọ̀la, tí ó ní àwọn kan ti wá wọn oko òun, ẹ má ṣe sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ẹ dìde, kí ẹ bá a lọ wò ó, kí ẹ sì bèèrè ìwé lọ́wọ́ wọn, nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà bí ó ti wà.